Ọnarébù Dáramọ́lá àti Ẹṣin Onírùngbọ̀n

Bí ẹ bá gba ẹ̀yìn Ìlúpéjú kọjá sí apá Ìkọ̀lé, ẹ ó bá ìlú kékeré kan lọ́nà tí wọ́n ń pè ní Ìrosùn-Èkìtì. Níbẹ̀ ni ọkùnrin kan ń gbé tí kì í dá rìn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ pa á o. Ó kàn ń bẹ̀rù pé bí òun bá dá rìn, àwọn aráàlú lè ṣèèṣì rò pé èèyàn lásán ló ń kọjá.

Bánkọ́lé Dáramọ́lá ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni Alága Àjọ tí ń Tọ́jú Àṣà àti Ohun Àtijọ́. Ìjọba fi í síbẹ̀ nítorí pé wọ́n ti pín ipò yòókù tán kí ó tó dé. Yàrá méjì ni ọ́fíìsì wọn, àwòrán Alága ló sì kún ara ògiri méjèèjì. Ohun àtijọ́ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni fáànù.

Ní àràárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń tò sí ẹnu ọ̀nà. Samson, akọ̀wé rẹ̀, a gbé ohùn sókè: "Ọnarébù, Òpó tó gbé àṣà ró, Iná tí kì í kú ní Àríwá, ẹ káàárọ̀, sà." Bí kò bá sí iná mànàmáná nínú ilé, bẹ́ẹ̀ ló sì sábà máa ń rí, inú òkùnkùn náà ni wọ́n ti ń pè é ní Iná. Bí Ọnarébù bá dá àpárá, Samson ni yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni Bùsáyọ̀ tí ń tẹ̀wé yóò tó rẹ́rìn-ín, ẹni tí ń gbálẹ̀ ni yóò sì rẹ́rìn-ín kẹ́yìn, bí ipò oníkálukú bá ṣe rí. Ẹ̀rín tó bá ṣáájú ipò, ìwà àfojúdi ni.

Ṣé ẹ ti mọ irú ẹni tí mo ń sọ. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ààfin.

Ọnarébù lọ kí Kábíyèsí, Onírosùn ti Ìrosùn, lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wọ́n ní kí ó dúró díẹ̀. Kò mọ bí wọ́n ti ń dúró, ló bá ń rìn síwá sẹ́yìn níwájú ilẹ̀kùn ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé. Ilẹ̀kùn igi ni, àwọn àgbà ayé ọjọ́un ló gbẹ́ ẹ, àwọn ère sì yọ jáde lára rẹ̀ ní ìlà ìlà láti òkè dé ilẹ̀. Láti kékeré ni Ọnarébù ti ń gba ẹnu ilẹ̀kùn yìí wọlé, kò sì wò ó rí. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fa bàtà rẹ̀ gún ni ojú rẹ̀ bọ́ sí ìlà kẹta. Ọkùnrin oníkùn ńlá kan jókòó sórí ẹranko, agbòòrùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn èèyàn tò tẹ̀lé e. Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ṣófo, kò wọ bàtà.

"Samson."

"Ọnarébù."

"Ka ìka ẹsẹ̀ yẹn."

Samson kúnlẹ̀, ó kà á. "Mẹ́fà ni, sà."

"Mélòó ni tèmi?"

Samson kò rí ẹsẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òmùgọ̀. "Iye tó bá wù yín ni, sà," ló dáhùn.

Mẹ́fà ni. Gbogbo ọkùnrin ilé Dáramọ́lá ló ní ìka mẹ́fà lẹ́sẹ̀ òsì. Kí Kábíyèsí tó jókòó tán ni Ọnarébù ti bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó sì na ẹsẹ̀ síwájú adé.

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀," ni ó wí, òun tí kò ní bàtà lẹ́sẹ̀. "Ẹ wo ohun tí àkọsílẹ̀ kò lè sọ. Ẹ wo ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀. Jagunjagun tó wà lórí ẹṣin lára ilẹ̀kùn yín, bàbá tó bí bàbá mi ni. Ẹrú ogun ló tò sẹ́yìn rẹ̀ yẹn. Oyè Balógun ti ṣófo láti ọjọ́ pípẹ́. Mo wá gba ogún mi. Ilẹ̀kùn náà sì gbọ́dọ̀ kúrò níbi tí ewúrẹ́ ti ń fara nù ún, kí ó wá sí gbọ̀ngàn Àjọ wa, níbi tí a ó ti máa pè é ní Ilẹ̀kùn Dáramọ́lá."

Ọ̀gá ilé ìwé girama ni Kábíyèsí kí ó tó jọba. Ó ti gbọ́ àwíjàre ọmọ ilé ìwé títí, kò sí ohun tó ń yà á lẹ́nu mọ́. "Mo ti rí ẹsẹ̀ yín," ni ó wí. "Ẹ lè wọ bàtà padà. Ṣé ó dá yín lójú pé bàbá yín ni?"

"Bí ó ti dá mi lójú pé èmi ni mo dúró síhìn-ín."

Ọnarébù ránṣẹ́ pe àbúrò bàbá rẹ̀, Ìyá Títílọpẹ́, kí ó wá jẹ́rìí. Arúgbó náà fọwọ́ pa ojú ère náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá wa Ẹlúyẹmí ni," ni ó wí. "Ojú wọn rè é. Uṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń ṣe nígbà ayé wọn, wọ́n a máa lọ láti ulé dé ulé…"

"Ó tó, ìyá," Ọnarébù já a lẹ́nu. "Ẹlẹ́rìí kì í ṣàlàyé."

Kábíyèsí wo arúgbó náà, ó tún wo Ọnarébù. "Ẹ̀rí tiyín pé," ni ó wí, "ṣùgbọ́n ère náà kò tíì sọ tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọnà wò ni kí ẹ pè. Ohun tó bá sọ níwájú ìlú, òun la ó tẹ̀ lé."

Ohun tí Ọnarébù ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Ó ránṣẹ́ sí yunifásítì fún ẹni tó gboyè jù níbẹ̀ nínú ìtàn iṣẹ́ ọnà, wọ́n sì fi Dókítà Aishat ránṣẹ́ sí i. Ọmọ Ìlọrin ni Aishat, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó dé ààfin, ó jókòó síwájú ilẹ̀kùn náà láti àárọ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó jìnnà sí i, ó fi ọwọ́ tọ ipa ọ̀bẹ agbẹ́gilére, ó bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó dìde lọ sí ọ́fíìsì Àjọ.

"Ọnarébù, mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ohun tí mo rí fún yín, kó tó di pé mo sọ ọ́ níta," ni Aishat wí.

Ọnarébù gbé ọwọ́ sókè bí ọlọ́pàá tó ń dá mọ́tò dúró. "Dókítà, rárá. Má bà á jẹ́. Mo fẹ́ kí ó dé bá èmi náà bí ó ti máa dé bá gbogbo ìlú."

"Sà, ó lè má rí bí ẹ ti rò."

"Ó lè ju bí mo ti rò lọ, mo mọ̀. Ìrẹ̀lẹ̀ ni kò jẹ́ kí n ro gbogbo rẹ̀ tán."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni."

"Fi pamọ́," ni Ọnarébù wí, ó sì ní kí Samson sin àlejò dé ìta.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ fọkàn sí ibí yìí dáadáa. Ilẹ̀kùn àsálà ṣí sílẹ̀ gbayawu fún ọkùnrin yìí, òun fúnra rẹ̀ ló tì í, tó tún fi kọ́kọ́rọ́ há a.

Nígbà tí ọjọ́ tí Aishat fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú ìlú pé, wọ́n ta kánópì sí iwájú ààfin. Ọnarébù ti ní kí wọ́n ya fọ́tò ìlà kẹta ilẹ̀kùn náà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ tó tóbi tó ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè rí bàbá òun. Wọ́n fi ti ìlà kìíní náà kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó má baà dá dúró. Àwọn èèyàn wá láti Ùsì, wọ́n wá láti Òkè-Àkò. Àwọn ọmọ yunifásítì gun ọ̀kadà mẹ́ta mẹ́ta wá.

Ọnarébù sọ̀rọ̀ títí. Ó ní bí kò bá sí bàbá òun, Ìrosùn ì bá ti di igbó. Ó ní àwọn bọ́tìnnì tó tò sí àyà ẹ̀wù ọkùnrin náà, oògùn ayẹta ni. Ó ní ohun méjì tó nà sẹ́yìn lórí ẹranko náà, ìjánu ni. Ó ní òun tún fi orúkọ Ọlọ́run búra níwájú gbogbo ìlú pé bàbá òun nìyí, ẹni tó bá sọ pé bàbá òun kọ́ ni, ọ̀tá òun ni. Samson pàtẹ́wọ́ kí ọ̀gá rẹ̀ tó parí gbólóhùn, ó ní láti tún un pa.

Aishat wá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Kábíyèsí, ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó. Èmi ò ní kọ́kọ́ sọ ìtumọ̀ fún yín. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó ná. Ẹlẹ́ṣin kan wà ní ìlà kìíní. Ẹ wo ẹṣin yẹn. Pátákò rẹ̀ ṣù pọ̀ lódindi, irun wà lọ́rùn rẹ̀, ìrù rẹ̀ gùn wálẹ̀. Ọwọ́ kan náà ló gbẹ́ gbogbo ilẹ̀kùn yìí. Ṣé a gbà pé agbẹ́gilére yìí mọ ẹṣin?"

"Ó mọ̀ ọ́n dunjú," ni Ọnarébù dáhùn láti orí àga rẹ̀.

"Ẹ ṣé, sà. Ẹ wá wo ìlà kẹta. Báwo ni pátákò ti ẹranko yìí ṣe rí?"

Ẹnì kan ní, "Ó là sí méjì."

"Ìrù rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó kúrú. Ó ká sókè."

"Ohun tí Ọnarébù pè ní ìjánu, ibo ló ti hù jáde?"

Àwọn ọmọ yunifásítì ti ń pa ẹ̀rín mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ sunkún. "Láti orí ẹranko náà ni."

"Kí ló wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀?"

Ìyá Títílọpẹ́, tí wọ́n ti fi sí iwájú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ló dáhùn wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n bi léèrè iye iṣu tó wà nínú abà. "Irùngbọ̀n ni. Òbúkọ ni. Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́sí, Bánkọ́lé ní kí n dákẹ́."

Ẹ̀rín tó bú jáde níwájú ààfin lọ́jọ́ náà kò tẹ̀ lé ipò. Ẹni tí ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì Àjọ ló kọ́kọ́ rín in.

Aishat kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ wò ó síwájú sí i. Ó fi hàn wọ́n pé ẹnu àwọn tó tò sẹ́yìn ọkùnrin náà là sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn agbẹ́gilére wa kì í sábà la ẹnu ère, nítorí ojú tó tutù ni ojú iyì. "Ẹrú kì í rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ẹni tó mú un," ni ó wí. "Aráàlú ni wọ́n, orin ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń kọ. Bọ́tìnnì tó wà láyà ẹ̀wù, bọ́tìnnì náà ni. Ẹ̀wù akódà nìyẹn, àwọn ìránṣẹ́ kóòtù tí ìjọba òyìnbó ń rán káàkiri nígbà owó orí. Ẹni tí kò bá rí owó san, wọ́n á tú ẹran rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó gun òbúkọ rí, agbẹ́gilére náà mọ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ẹran àwọn aráàlú ló gbé ọkùnrin yìí ga. Kò lè sọ ọ́ lẹ́nu nígbà náà, wọ́n á tì í mọ́lé. Ó gbẹ́ ẹ sára ilẹ̀kùn ọba, ó sì fi ìka mẹ́fà sí i kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mọ̀."

Kábíyèsí yíjú sí Ọnarébù. "Ẹ ti búra níwájú ìlú," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Bàbá yín ni, àbí kì í ṣe bàbá yín mọ́?"

Bí Ọnarébù bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ akódà olóbúkọ ni òun. Bí ó bá ní rárá, ó ti búra èké, ó sì ti di ọ̀tá ara rẹ̀. Ó dìde, ó wọ mọ́tò. Oyè Balógun wà níbi tó wà.

Bí ó bá jókòó sílé jẹ́ẹ́ ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti tutù. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ìkéde kan jáde lórí rédíò láti ọ̀dọ̀ Alága Àjọ: ẹranko tó wà lára ilẹ̀kùn ààfin Ìrosùn, ẹṣin ni, ẹnikẹ́ni tó bá pè é ní òbúkọ tàbí ewúrẹ́ ti tàbùkù àṣà, yóò sì fojú winá òfin. Òfin wo? Samson bi í léèrè. Ọnarébù ní kí ó máa wá a.

Àwọn ará Àríwá Èkìtì jẹ́ onígbọràn èèyàn. Lọ́jọ́ ọjà Ìlúpéjú, àwọn tó ń ta ẹran ń kígbe pé, "Ẹ wá ra ẹṣin, ẹṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ rè é." Nílé oúnjẹ kan l'Ọ́yẹ́, wọ́n kọ ọ́ sára pátákó pé ata ẹṣin wà lónìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì jẹ ẹ́ tán kí ọ̀sán tó pọ́n. Ní ọjọ́ Àìkú, Fíkà ṣọ́ọ̀ṣì ìlú ń wàásù, ó dé ibi tí a ti ń ya àgùntàn sọ́tọ̀ kúrò lára… Ó rí Ọnarébù ní ìjókòó iwájú, ó dákẹ́. Ó nu ojú. "Kúrò lára ẹran kejì," ni ó wí. Ọnarébù kò dúró gba ìbùkún.

Ẹran kejì yìí ló bà á lọ́kàn jẹ́. Ó pinnu pé bí ìkéde kò bá lè sọ òbúkọ di ẹṣin, ayùn yóò sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí Kábíyèsí lọ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan n'Íkọ̀lé, Ọnarébù mú Kẹ́hìndé káfíńtà lọ sí ààfin. Ó ní kí ó gé irùngbọ̀n yẹn kúrò, kí ó fi gọ́ọ̀mù àti ìyẹ̀fun igi dí pátákò rẹ̀.

"Ọ̀gá, ilẹ̀kùn ọba rè é," ni Kẹ́hìndé wí. "Ẹ jẹ́ ká dúró de Kábíyèsí."

"Èmi ni mo ń tọ́jú ohun àtijọ́."

"Ìtọ́jú kọ́ lèyí, sà. Èmi ò lè gé e."

Ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ máa lọ. Ọnarébù já ayùn gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ tagbádá tagbádá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ igi. Irùngbọ̀n náà já bọ́ sí i lọ́wọ́ gan-an nígbà tí Olorì Adérìnsọ́lá, ìyàwó ọba, jáde láti inú ilé.

"Ọnarébù, kí ni ẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Àtúnṣe ni, Olorì."

"Kí ló wà lọ́wọ́ yín?"

Ó tì í bọ àpò. Olorì kò bá a jà. Ó kàn gbé fóònù sókè, ó ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí, pẹ̀lú ayùn, pẹ̀lú ìyẹ̀fun igi lórí agbádá.

Fọ́tò náà dé Adó kí Ọnarébù tó délé. Ìjọba lè gba kí èèyàn má ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kí olùtọ́jú ohun àtijọ́ máa fi ayùn tọ́jú rẹ̀ níwájú gbogbo ayé, ìyẹn pọ̀ jù. Rédíò tó ka ìkéde ẹṣin náà ló ka ìkéde pé wọ́n ti yọ ọ́. Wọ́n fi obìnrin kan láti Ìdó rọ́pò rẹ̀. Ní àárọ̀ tó kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì, Samson ti tú gbogbo àwòrán sílẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ohùn sókè: "Ọnarébù, Òpó tó gbé àṣà ró, Iná tí kì í kú ní Àríwá, ẹ káàárọ̀, mà." Kò yí ọ̀rọ̀ kan padà àfi èyí tó gbẹ̀yìn.

Bánkọ́lé wà nílé. Kò sẹ́ni tó wá kí i àfi Ìyá Títílọpẹ́, tó gbé iṣu wá, tó sì jókòó tì í. Bánkọ́lé bi í léèrè pé, "Ìyá, irú èèyàn wo ni Bàbá Ẹlúyẹmí?"

"Wọ́n burú nígbà uṣẹ́ yẹn," ni arúgbó náà wí. "Lẹ́yìn náà ojú tì wọ́n. Èèyàn ni wọ́n ṣá."

Nígbà tó yá, Bánkọ́lé fi áńkáṣíìfù di ègé igi náà, ó dá rìn lọ sí ààfin. Àwọn èèyàn rí i lọ́nà, wọ́n kí i, wọ́n kọjá. Ó bá Aishat níwájú ilẹ̀kùn, níbi tó ti ń wo bí a ṣe lè tún un ṣe. Ó gbé irùngbọ̀n náà fún un, ó dọ̀bálẹ̀ fún Kábíyèsí tó jókòó nínú, Kábíyèsí sì ní kí ó dìde, pé èèyàn kì í dọ̀bálẹ̀ ṣe àtúnṣe.

Bánkọ́lé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú ìlà kẹta. Kò wá ìka ẹsẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. "Kí ló dé tó wolẹ̀?" ni ó béèrè.

"Ta ni, sà?"

"Bàbá mi. Gbogbo àwọn yòókù ló gbójú sókè. Òun nìkan ló wolẹ̀."

Aishat sún mọ́ ọn, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Mi ò rí ìyẹn," ni ó wí. "Mo ti wá síhìn-ín lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò rí i."

Bí wọ́n ti ń wò ó lọ́wọ́ ni bọ́ọ̀sì ilé ìwé kan láti Ùsì dé. Tíṣà tó kó àwọn ọmọ náà wá rí ọkùnrin àgbàlagbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kò mọ̀ ọ́n. "Ẹ kú iṣẹ́, sà," ni ó wí. "Ṣé ẹ̀yin ni ẹ ń ṣàlàyé ilẹ̀kùn yìí fún àlejò?"

Aishat yíjú sí Bánkọ́lé. Bánkọ́lé tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó wúkọ́, kò sí ẹni tó wúkọ́ tẹ̀ lé e.

"Ẹ súnmọ́ ibí," ni ó wí fún àwọn ọmọ náà. "Òbúkọ lèyí. Bàbá bàbá mi ló jókòó sórí rẹ̀ yẹn. Ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa."